Ilé exchange fóònù àtijọ́ tó wà nílùú yín: kí lojú yín rí níbẹ̀?

ỌmọÌtòkò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò fẹ́ẹ̀ sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ilé exchange tiẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń so láìnì fóònù gbogbo ìlú mọ́ra, ilé tí ògiri ẹ̀ nípọn, tí òpó gíga wà lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n mọ fẹ́ǹsì yí ká. Àwọn àgbà ṣì ń pè é ní P&T, orúkọ iléeṣẹ́ lẹ́tà àti fóònù ìjọba àtijọ́, àwa tá a gbọ́njú lẹ́yìn 1985 ń pè é ní NITEL, iléeṣẹ́ fóònù tó rọ́pò ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti ń di igbó báyìí, ó sì ń dùn mí gan-an. Mo ń kó ìtàn wọn jọ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó lọ tán. Ẹni tó bá ti wọ inú ẹ̀ rí, ẹni tó ti tò síbẹ̀, ẹni tí ìyá tàbí bàbá ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ ọ́. Ohun tójú yín rí ni mo fẹ́ gbọ́ o.

Dánfó_Ọ̀jọ́ta
01-49 ni nọ́ńbà wa fi bẹ̀rẹ̀, Ìkẹjà nìyẹn. Gbogbo ojúlé ló ń wá pè nílé wa.

Ìjẹ̀bú_Kìkì
Kóòdù ìlú tiwa, 037!!!

Kúnlé_Akúrẹ́
034 ni tiwa. Mo ṣì mọ nọ́ńbà náà lórí dòní, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ nọ́ńbà ìyàwó mi lórí.

Mesíọ̀gọ̀
Ìbàdàn, 02. Ẹyọ nọ́ńbà kan péré lẹ́yìn òdo, àwa àti Èkó nìkan la jọ ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin oní-mẹ́ta mẹ́ta ẹ lọ tò sẹ́yìn 😂

Àbíkẹ́_Òṣogbo
Operétọ̀ ni màámi ní Òṣogbo, nígbà tí kò tíì sí pé kálukú ń fúnra ẹ̀ yí nọ́ńbà ìlú míì. Tí iléèwé bá ti jáde màá lọ bá wọn, wọ́n á fi mí jókòó sórí àga onígi lẹ́yìn ọ̀dọ̀ wọn, mi ò gbọdọ̀ fọhùn. Bọ́ọ̀dù gíga kan ló wà níwájú wọn, ihò wẹ́wẹ́ kún ara ẹ̀, okùn méjì méjì wá ń yọ jáde látorí tábìlì, idẹ ni ẹnu okùn kọ̀ọ̀kan. Iná kékeré á tàn, màámi á ki okùn kan bọ ihò ẹni tó ń pè, wọ́n á béèrè ibi tó ń pè, wọ́n á wá ki èkejì bọ ihò ìlú tó ń lọ, wọ́n á ní “Ìbàdàn, Òṣogbo rèé o, ẹ bá mi wá láìnì kan.” Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kọ sórí pépà pélébé kan, ẹni tó pè, ibi tó pè, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, torí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ṣírò owó ẹ̀. Òwú ni wọ́n fi so pẹ́ńsù mọ́ tábìlì kí ẹnikẹ́ni má bàa mú un lọ.

Obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí òun àti màámi jọ ń bọ́ sórí láìnì ní gbogbo ìgbà, wọn ò sì ríra wọn sójú rí. Wọ́n mọ ìgbà tí ara ẹnì kejì ò yá, wọ́n mọ ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, wọ́n mọ ìgbà tí ọkọ ti bínú jáde nílé. Ohùn ni gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbéyàwó ni màmá náà wá sí Òṣogbo. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, aṣọ ẹbí pọ̀ níwájú wọn, wọn ò mọ ta ni wọn ì bá kí. Ni wọ́n bá kígbe “Òṣogbo!” Màámi wà nídìí ìkòkò lẹ́yìnkùlé lọ́hùn-ún, ni wọ́n bá ké padà pé “Ìbàdàn!” kí wọ́n tó rí i rárá, ọmọrogùn wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń sáré bọ̀.

Ìjẹ̀bú_Kìkì
Yéè! Omi ti bọ́ lójú mi o. Inú mọ́tò ni mo wà, àwọn èèyàn ti ń wò mí.

Dánfó_Ọ̀jọ́ta
“Òṣogbo!” “Ìbàdàn!” Ẹ̀yin èèyàn mi, ìfẹ́ wà láyé.

ṢadéLẹ́kí
Ẹ má bínú o, aunty, ṣùgbọ́n Òṣogbo sí Ìbàdàn kò jìnnà. Ṣé wọn ò lè wọ mọ́tò kí wọ́n lọ ríra wọn ni? Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí ìtàn yìí.

Àbíkẹ́_Òṣogbo
@ṢadéLẹ́kí ṣíìfù ni wọ́n ń ṣe, àbúrò. Tí ọwọ́ ẹnì kan bá dilẹ̀, èkejì wà lórí bọ́ọ̀dù. Ọmọ sì wà nílẹ̀, ọjà wà nílẹ̀. Mi ò fi iyọ̀ kankan sí i.

Mesíọ̀gọ̀
Ẹ fi Ṣadé sílẹ̀, Lẹ́kí ló ń gbé, ẹni tó wà ní Àjáh gan-an kò tíì lọ kí i rí.

BàbáTelecom
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ yìí, inú ilé exchange ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Ọ̀rọ̀ tí Àbíkẹ́ sọ yẹn, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Láàárín 1946 sí 1952 ni wọ́n ṣe ọ̀nà ohùn mẹ́ta sáàárín Èkó àti Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fà á dé Òṣogbo, Kàdúná, Kánò, Benin àti Enugu. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo wí o. Èèyàn mẹ́ta ló lè máa sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti Èkó sí Ìbàdàn, ẹni kẹrin á dúró. Nígbà tó fi máa di ìgbà òmìnira ní 1960, gbogbo láìnì tó wà ní Nàìjíríà látòkè délẹ̀ jẹ́ 18,724, àwa sì ti tó nǹkan bí ogójì mílíọ̀nù nígbà yẹn. Ẹ wá rò ó wò bí àwọn operétọ̀ ṣe máa ń bẹ ara wọn pé “bá mi wá ààyè kan.” Ẹni tó bá mọ operétọ̀ ìlú kejì dáadáa lóníbàárà ẹ̀ ń tètè rí láìnì. Ọ̀rẹ́ yẹn, iṣẹ́ ló bí i.

Kúnlé_Akúrẹ́
Bàbá ẹ ṣé. Ìbéèrè tí gbogbo wa fẹ́ bi yín rèé: ṣé òótọ́ ni pé operétọ̀ máa ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀?

Dánfó_Ọ̀jọ́ta
Ha, Kúnlé ti lu agogo 😂 Ní àdúgbò bàbá mi, wọ́n ní kí ìyàwó ilé tó mọ̀ pé ọkọ òun ní ẹlòmíì, operétọ̀ ti mọ̀.

Àbíkẹ́_Òṣogbo
Màámi ò ṣe irú ẹ̀ o!!! Wọ́n búra nígbà tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́.

Ìjẹ̀bú_Kìkì
Kò sẹ́ni tó dárúkọ màmá, aunty mi. Ẹ fọkàn balẹ̀.

BàbáTelecom
Operétọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí láìnì kó lè mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì ń gbọ́ ara wọn, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n parí torí owó. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ló ń tì síwá sẹ́yìn fún ìyẹn. Iná mẹ́wàá ń tàn lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló ráyè jókòó gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́?

Dánfó_Ọ̀jọ́ta
Lóru ńkọ́, bàbá?

BàbáTelecom
Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ síwájú.

Kúnlé_Akúrẹ́
😂😂😂😂 Ó tán!

BàbáTelecom
Ẹ gbọ́ èyí náà, torí ó jọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣeré yìí. Ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ operétọ̀, asìnkú kan ní Amẹ́ríkà ló ronú ẹ̀, Almon Strowger lorúkọ ẹ̀, 1891 ni wọ́n fún un ní páténtì. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ nígbà tá à ń kọ́ṣẹ́ ni pé ìyàwó asìnkú míì nílùú yẹn ló wà ní exchange, tẹ́nì kan bá fẹ́ pe Strowger pé òkú wà nílẹ̀, ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ̀ ni obìnrin náà ń darí ẹ̀ sí. Bó ṣe bínú nìyẹn.

Mo mọ ẹ̀rọ yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Tó o bá yí 7 lórí fóònù nílé ẹ, apá irin kan á gun òkè lẹ́ẹ̀meje ní ọ̀dọ̀ wa, ka-ka-ka-ka-ka-ka-ka, á wá yí wọnú láti wá ibi tó ṣófo, á dúró de nọ́ńbà tó kàn. Ìlà ìlà ni wọ́n tò wọ́n sí láti ilẹ̀ dókè, ìdí nìyẹn tí àjà ilé yẹn fi ga tó bẹ́ẹ̀. Láago mẹ́wàá àárọ̀ tí àwọn oníṣòwò bá ti jí, tó o bá dúró sáàárín ìlà méjì o ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ń sọ. Láago méjì òru, gbogbo ẹ̀ á pa rọ́rọ́. Tó o bá wá gbọ́ kí ẹyọ kan ṣoṣo gbéra, o ti mọ̀ pé ẹnì kan ń wá dókítà ni, tàbí ilé kan ti dàrú. A máa ń gbàdúrà fún ẹni tá ò mọ̀.

Mesíọ̀gọ̀
Ẹ ò rí i pé ọjà òkú ló bí nọ́ńbà tá à ń tẹ̀ lónìí. Bàbá ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìjẹ̀bú_Kìkì
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ń tajà níwájú ibẹ̀, búrẹ́dì, ẹ̀wà, mínírà, torí àwọn èèyàn máa ń ti abúlé wá pe Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á sì jókòó látàárọ̀ títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. O máa fúnni ní nọ́ńbà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, o wá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tó bá ti já, akọ̀wé á yọrí, á ní “Lọ́ńdọ̀nù, yàrá kejì!” wàá sáré. Yàrá náà kéré, pákó ni, gíláàsì wà lójú ilẹ̀kùn ẹ̀, ó yẹ kó gba ọ̀rọ̀ ẹ mọ́ra ṣùgbọ́n torí wọ́n gbà pé Lọ́ńdọ̀nù jìnnà, gbogbo èèyàn ń pariwo ni, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Owó iléèwé, àìsàn, ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí, gbogbo ẹ̀ lará bẹ́ǹṣì ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kan màmá arúgbó kan wọ yàrá, ó pariwo “ẹ̀ẹ́ń? ẹ̀ẹ́ń? kí ló bí?” gbogbo wa dákẹ́. “Ìbejì?!” Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù náà ń fì nínú yàrá níbi tó jù ú sí, màmá ti wà láàárín gbọ̀ngàn tó ń jó, gbogbo bẹ́ǹṣì dìde, akọ̀wé fúnra ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, àǹtí mi pín búrẹ́dì ọ̀fẹ́. Ọmọ ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń pe “Màámi? Màámi?” lórí fóònù, owó ń lọ. Akọ̀wé náà ló padà lọ mú fóònù, ó ní “ẹ má bínú, wọ́n ń jó ni.”

Àbíkẹ́_Òṣogbo
“Wọ́n ń jó ni” 😂😂 Olúwa o. Àwọn ìbejì yẹn á ti dàgbà báyìí.

Tàlàbí_Peckham
Mo ń ka gbogbo ẹ̀ láti ìhín. Apá kejì ìtàn Ìjẹ̀bú_Kìkì nìyí: àwa tá a wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà máa ń dá àkókò pẹ̀lú àwọn ará ilé nínú lẹ́tà, “ẹ wà ní P&T ní Sátidé láago mẹ́rin.” Lẹ́tà tó bá pẹ́ lọ́nà, ẹ̀yin méjèèjì á kàn máa dúró de ara yín lásán ni.

ṢadéLẹ́kí
Ìtàn dùn o, mo gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi àwọn ilé yẹn ṣe báyìí? Wọ́n wà láàárín ìgboro níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n jù. Kí wọ́n tà á, kí wọ́n kọ́ ohun tó wúlò síbẹ̀. Tibi tire ṣe tán, fóònù fúnra ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Ilé wa ní ọ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré, tí NEPA bá ti mú iná lọ, ó parí nìyẹn.

Kúnlé_Akúrẹ́
Irọ́! Fóònù onílẹ̀ ò níṣẹ́ kankan ṣe pẹ̀lú NEPA. Òkùnkùn á ṣú biribiri, tiwa á máa dún.

ṢadéLẹ́kí
Kúnlé, ilé bàbá mi ni mò ń sọ, o ò sí níbẹ̀.

Kúnlé_Akúrẹ́
Ṣé èyí tí wọ́n máa ń gbé rìn kiri inú ilé ni tiyín? Tó ní eriali lórí, tí wọ́n ń gbé ka orí ìdí tí wọ́n ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì?

ṢadéLẹ́kí
Bẹ́ẹ̀ ni.

Kúnlé_Akúrẹ́
Ẹ̀yin ará, ẹjọ́ tán. Olówó ni wọ́n, cordless ni wọ́n ń lò.

BàbáTelecom
Kúnlé ló jàre, ṣùgbọ́n Ṣadé náà ò parọ́. Èyí tó ní wáyà, ọ̀dọ̀ wa níbí ni iná ẹ̀ ti ń wá. Yàrá kan wà nínú gbogbo ilé exchange tó jẹ́ ti bátìrì, mẹ́rìnlélógún tí agbára iná ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì méjì, àpapọ̀ ẹ̀ fóltì 48. Wọ́n tóbi, omi bátìrì inú wọn máa ń rùn débi pé tó o bá wọ ibẹ̀ láìṣí fèrèsé ọ̀fun ẹ á máa yún ẹ. Ojoojúmọ́ la ń yẹ omi yẹn wò, tó bá lọ sílẹ̀ a ó bù sí i. NEPA ló ń fi iná sí bátìrì yẹn, tí NEPA bá lọ jẹnẹrétọ̀ á fi iná sí i, kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde bátìrì ló gbé gbogbo ìlú dání. Iná 48 yẹn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan gidi, ṣùgbọ́n èyí tó ń mú fóònù dún ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí linesman bá di wáyà mú lórí òpó tí kọ́ọ̀lù wá wọlé, á jó láìsí ìlù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí Ṣadé sọ náà, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn, torí ó ń dùn mí. Ohun tó mú kí ilé yẹn wà láàárín ìgboro ni pé wáyà bàbà ló ń so ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, méjì méjì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bí wáyà bá ṣe gùn tó lohùn ṣe ń rẹ̀ tó. Nítorí náà wọ́n máa ń wá àárín gbùngbùn tí wáyà gbogbo àdúgbò á fi kúrú. Ẹ tún wo bó ṣe máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, torí iléeṣẹ́ kan náà ni ti lẹ́tà àti ti fóònù títí di 1985, ìgbà yẹn ni wọ́n yọ fóònù kúrò lára P&T tí wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, àpapọ̀ ẹ̀ ló di NITEL. Kébù gbogbo ìlú ló wọ abẹ́ ilé yẹn, ibẹ̀ ló gbà gòkè lọ sára férémù ńlá tá a ti ń so ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ilé tẹ́ ẹ lè kàn fi katakata wó lọ́jọ́ kan.

Dánfó_Ọ̀jọ́ta
Kébù wo ló kù, bàbá? Àwọn olè ti wú u tà. Ní àdúgbò wa, àárọ̀ kúùtù la jí tí gbogbo òpópónà ò ní fóònù mọ́, ihò ló kù nílẹ̀. Ẹni tó jí i tà á fún àwọn tó ń fi bàbà ṣe ìkòkò.

Kúnlé_Akúrẹ́
Olè àti àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Katakata á gé e, òjò á wọ ibi tó gé, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì á wá máa wọ tìẹ. Mo ti bá ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dá sí ọ̀rọ̀ owó ilé rí, ó sì gbọ́ sí mi lẹ́nu.

Tàlàbí_Peckham
@ṢadéLẹ́kí níbí náà wọ́n fẹ́ ti púpọ̀ pa. Nínú nǹkan bí 5,600 exchange tó wà ní Bìrìtìkó, nǹkan bí 1,000 ni wọ́n ní àwọn á fi sílẹ̀, torí fáíbà, wáyà tuntun tó ń rọ́pò bàbà, kì í fẹ́ kí ilé exchange sún mọ́ra bíi ti bàbà. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó di igbó kọ́kọ́ ná. Mo mọ èyí tí wọ́n ti sọ di ilé gbígbé, ògiri bíríkì ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa, OPT là ń pè é, lẹ́tà àti fóònù jọ wà pọ̀ títí di 2004. Àwọn ìyá wa ní Àjàṣẹ́ náà tò lórí bẹ́ǹṣì.

ỌmọÌtòkò
Ẹ káàbọ̀, Ọmọ_Àjàṣẹ́! Ẹ sọ sí i o. Ṣadé, ohun tí mo rò ni kí wọ́n fi ẹyọ kan péré sílẹ̀, kó jẹ́ ibi tí ọmọ iléèwé á ti lọ fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù operétọ̀. NATCOM ra dúkìá NITEL ní 2015, ó di ntel, ilé wọ̀nyẹn ti ní olówó. Ẹ jẹ́ ká bá wọn sọ̀rọ̀.

ṢadéLẹ́kí
Ẹyọ kan, mo fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìtàn “Òṣogbo! Ìbàdàn!” yẹn, ta ló máa sọ pé rárá?

Mesíọ̀gọ̀
Ìbàdàn ni kí ẹyọ kan yẹn wà. Láàárín Dùgbẹ̀, kí Cocoa House máa ṣọ́ ọ.

Dánfó_Ọ̀jọ́ta
Cocoa House dé o! Ilé NET ní Marina ńkọ́, NECOM House? Àjà 32, mítà 160, 1979 ni wọ́n parí ẹ̀, iná orí ẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi. Tiyín jẹ́ 26.

Mesíọ̀gọ̀
1965 ni tiwa! Ẹ̀yin ń kọ́ ilé ìpẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà yẹn. Iná sì jó tiyín ní 1983.

Dánfó_Ọ̀jọ́ta
Iná jó tiyín náà ní 1985!

Àbíkẹ́_Òṣogbo
Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì, iná tó jó ti Marina yẹn kì í ṣe eré o. Ọ̀rọ̀ òkè òkun dàrú fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sígboro. Màámi ṣì máa ń sọ ọ́.

Gàmbàrí_Ìlọrin
Ẹ ti sọ̀rọ̀ dé Àjàṣẹ́ dé Peckham, kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìlọrin. 031! Bàbá, ẹ gbà wá.

BàbáTelecom
Ọmọ mi, ẹ yẹ lẹ́ni à ń dárúkọ. Ní 1893 ni wọ́n fa fóònù sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, ẹ̀yìn náà ló sì wá dé Ìlọrin àti Jẹ́bà. Exchange ti Èkó fúnra ẹ̀, èyí tí operétọ̀ ń fọwọ́ so, 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú láìnì ọgọ́rùn-ún. Ìlọrin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí fóònù.

Gàmbàrí_Ìlọrin
Mesíọ̀gọ̀, ṣé ẹ ti gbọ́? Ẹ wá tò sẹ́yìn wa.

Mesíọ̀gọ̀
Ó dáa. Wáyà tó ti Èkó lọ sí Ìlọrin, òfuurufú ló gbà kọjá? Bàbá, ẹ máa dá wọn lóhùn, mo ń dúró.